Òrùlé Ẹ̀gbọ́n Mi Alágbàfọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ìpàdé àdúgbò tún fàlẹ̀. Gbogbo wọn ń fẹ́ iná sólà, kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Ó dáa. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága, màá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò. Mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù: ẹni tí kò bá fèsì títí Ọjọ́bọ̀, a kà á sí pé ó gbà. Páńẹ́lì máa wà lórí òrùlé Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Tiwọn nìkan ló tẹ́ pẹrẹsẹ, tí nǹkan kan ò ṣíji bò.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà o — mo rí àmì rẹ̀. Wọ́n gbà nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Onírùngbọ̀n, oníṣẹ́ iná wa, wá wọn òrùlé. Okùn aṣọ ló kún ibẹ̀: aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì, aṣọ ibùsùn ilé ìtura. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń bọ́ Ẹ̀gbọ́n. Onírùngbọ̀n bi mí pé ibo ni Màmá, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe Ẹ̀gbọ́n, máa wá sá aṣọ sí. Mo ní a máa ra ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ yẹn á jẹ bátìrì wa tán kó tó mú ìbọ̀sẹ̀ kan gbẹ. Mo mọ̀. Èmi náà mọ ìṣirò. Ìpele kejì nìyẹn, nígbà tá a bá ra bátìrì kún un. Mo ní kó máa wọn òrùlé ẹ̀ lọ.

Mo yà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, mo sọ ti ẹ̀rọ náà látẹnu ọ̀nà. Aṣọ ni wọ́n ń lọ̀. Wọ́n ní, "Akáṣọ-tútù, jókòó ná." Mo ní ọkọ̀ tó ń kó páńẹ́lì bọ̀ ń dúró dè mí.

Orúkọ yẹn. Ní kékeré, tí Ẹ̀gbọ́n bá ní kí n lọ ká aṣọ, màá ká a ní tútù kí n lè ráyè lọ ṣeré. Wọn kì í nà mí. Wọ́n á tún un sá.

Ọjọ́rú, 12
Páńẹ́lì ti gun òrùlé. Ó ń dán! Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ gé okùn aṣọ dànù, Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn tú u, kókó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká a jọ. Mi ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Iná dé. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Àwọn ajá pàápàá ò mọ ohun tí wọ́n máa gbó mọ́. Télọ̀ tó ń gbé òdìkejì jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí Ẹ̀gbọ́n níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Òjò. Pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n: aṣọ tútù lórí ìlẹ̀kùn, lórí àga, lórí fèrèsé. Ilé ìwòsàn ti dá tiwọn padà. Wọ́n ní ó ń rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Mo gbé ọ̀rọ̀ ìpele kejì, ti bátìrì àti ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n, kalẹ̀ nípàdé. Télọ̀ ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká gbádùn èyí ná." Ẹ̀rín. Ó parí síbẹ̀.

Mo gbìyànjú ọ̀nà míì. Mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé ká gbé ìdajì páńẹ́lì wá sórí ilé tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ṣíji bò ó, tí iná á sì dín kù díẹ̀. Ẹni tí kò bá fèsì, ó gbà. Àwọn tí kì í fèsì láéláé! Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Rárá. Rárá. Rárá. Ọ̀kan ní òrùlé Màmá ti di ti àdúgbò, ṣebí èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27
Mo lọ jókòó lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbé omi fún mi bí àlejò. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi fèsì nígbà yẹn.

"Ta ni kí n fèsì fún? Àbúrò mi ni mò ń retí, kó wá jókòó, kó bi mí. Fóònù ló rán sí mi."

Mo ní ká ní mo wá ńkọ́.

"Ǹ bá ní kó o mú ìdajì òrùlé, kó o fi ìdajì sílẹ̀ fún mi. Ìdajì tó mi."

Ìdajì. Nígbà yẹn, kí iná tó dé, kò sóhun tí àdúgbò ò ní gbà lọ́wọ́ mi. Ìjókòó kan péré ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30
Ẹ̀gbọ́n ti gba iṣẹ́ nílé ìtura: wọ́n á máa bá wọn lọ aṣọ, lábẹ́ ọ̀gá tí kò tó ọmọ wọn. Ọ̀la ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìdì okùn aṣọ wá fún mi, wọ́n ní kí n bá wọn tọ́jú ẹ, kò síbi tí wọ́n máa so ó mọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn ń kánjú. Wọ́n wo gílóòbù tó wà lókè orí mi.

"Iná yín mọ́lẹ̀ o, Alága."

Alága. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n á yíjú padà, kí wọ́n pè mí ní Akáṣọ-tútù. Okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti gbẹ.