Ebi Ló Ṣílẹ̀kùn fún Ikọ́ Ìyàwó Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Port Harcourt níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Kalabari ni ìyàwó mi. Nígbà ogun abẹ́lé, a kó àwọn ọmọ wa sá wọgbó. Inú àgọ́ kan náà ni gbogbo wa ń sùn, àwa àti bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́. Ẹ̀gẹ́ lásán là ń jẹ, kò sí ẹja, kò sí ẹyin. Ìyàwó mi á gbé tirẹ̀ fún àwọn ọmọ, á ní òun ti yó.

Nígbà tá a padà sí Diobu, àdúgbò wa níbí, ìyàwó mi nìkan nínú wa ló ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ikọ́ ife ni, pé ebi ló ti gba agbára ara rẹ̀ kí àìsàn tó ráyè wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ó ní, "Lé obìnrin yìí lọ sílé wọn kó tó pa àwọn ọmọ wa." Àwọn ọmọ tó torí wọn febi panú! Kí n tó fèsì, ìyàwó mi ti dáhùn látinú yàrá pé, "Sista, carry dem go. Kí wọ́n ṣáà máa jẹun."

Lópin oṣù ni ẹ̀gbọ́n mi máa wá kó wọn. Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ náà pé ó lé wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn?