Ìyá Méjì Tó Di Ẹnì Kan

Ọjọ́bọ̀, Marzahn

Mo da orúkọ àwọn aláìsàn Berlin àti Hamburg pọ̀ nínú database, fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé wọn. Màmá méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń gbà. UNION, àṣẹ tí mo fi pa àkọsílẹ̀ ìlú méjèèjì pọ̀, kà wọ́n sí ẹnì kan, ó yọ màmá ti Jenfeld ní Hamburg dànù. Nọ́ọ̀sì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀.

Mo sọ fún Bọ̀dá Ràṣídì, ọ̀gá mi, pé mo fẹ́ tún un ṣe.

"Àbúrò, má fọwọ́ kàn án. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ ṣúgà ni!"

Iṣẹ́ yìí ni físà mi rọ̀ mọ́.

Mo yọ́ jáde, mo pe nọ́ọ̀sì Hamburg. Ó sáré lọ fún màmá lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá ò tíì gbà kí n tún UNION náà ṣe, n ò sì mọ aláìsàn mìíràn tó ti gbé mì.