N Kò Ní Bá Ọ Dúpẹ́ Lórí Ìbọn Yẹn

Ìṣọ̀kun,
Iléṣà.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Akínkúnmi àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa, ẹ sì ń jí dáadáa? Ní tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò tíì wálẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń lo oògùn mi, mo sì ń jẹun. Ìwàlẹwà ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi, ara rẹ̀ dá. Ó ní kí n má bá òun kí ọ. Èmi bá a kí ọ, nítorí pé ọmọ rẹ ni.

Káàdì ìdúpẹ́ tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gba ojú mi gbọ́. O tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, o ní ìdílé Adéjọbí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ wọ́n lọ́wọ́ àwọn ajínigbé nínú igbó Ìwàrà, pé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, jíjẹ àti mímu yóò wà. O wá fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn pé, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí. Ẹ sọ fún wọn bí ìbọn yẹn ṣe gbà wá là." Akínkúnmi, inú bí mi débi pé mo ní láti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. N kò rí ọmọ iléèwé kan tó pa irú irọ́ yìí, tó tún wá ní kí tíṣà bá òun fọwọ́ sí i.

N kò ní wá. Nítorí pé ó jọ pé o ti ń gba ìtàn tí ò ń sọ kiri gbọ́ fúnra rẹ, jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Láti ọdún tí Bàbá ti kú ni a ti ń lọ sí oko kòkó rẹ̀ lẹ́yìn Ìwàrà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí a ń sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a ń já kòkó, tí a ń fọ́ ọ, tí a sì ń rántí àwọn òbí wa. O mọ̀ pé kò sí ohun tí mo máa ń retí bí ọjọ́ wọ̀nyẹn. Lọ́dún yìí o ra àgọ́ aláṣọ, o ní kí Ìwàlẹwà lè sùn sí gbangba, kó máa gbọ́ ohùn igbó. Inú mi dùn. Àfi bí o ṣe pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tí o ní o ti ra ìbọn.

Mo ní ìbọn wo? O ní alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́, pé kúkúrú ni, ó ṣeé gbé sínú àpò. Mo ní ìwé àṣẹ ńkọ́? O rẹ́rìn-ín, o ní, "Àǹtí mi, àwọn tó ń jí èèyàn gbé, ta ló fún wọn ní ìwé àṣẹ?" Mo ní ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. O ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fi í sílẹ̀. Mo ní a ó ṣe bí a ṣe máa ń ṣe: a ó yọjú sí Lọ́jà tó jẹ́ olórí abúlé, a ó sọ iye ọjọ́ tí a ó lò, a ó jẹ́ kí Mukhtar tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa mọ̀ pé a ti dé. Mo ní bí ẹ̀rù bá bà ọ́ jù, kí a má sùn síbẹ̀ rárá lọ́dún yìí, kí a máa lọ láàárọ̀, kí a máa bọ̀ nírọ̀lẹ́. O ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí mi." Mo sì gbà pé o gbọ́.

N kò sọ pé kí ẹ̀rù má bà ọ́ o. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìyàwó ọkùnrin kan tí wọ́n jí gbé lójú ọ̀nà lọ́dún tó kọjá jókòó ní pálọ̀ mi níbí, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, èmi ni mo fún un lómi mu. Bí o bá sọ fún mi pé àyà rẹ ń já, n kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé o gbé ẹ̀rù rẹ lé ohun tí kò lójú lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí à ń lọ, àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀gá wọn yọjú wo inú mọ́tò, ó kí mi pé, "Màmá, ẹ kú ìrìn o." Mo dá a lóhùn, mo tún gbàdúrà fún un. N kò mọ̀ pé ìbọn wà nínú àpò gààrí lábẹ́ ìjókòó tí mo jókòó lé. Ìwọ mọ̀. Ìwọ òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ń de táì lọ sí ọ́fíìsì ní Òṣogbo, lo fi ẹ̀gbọ́n rẹ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin bo ìbọn mọ́lẹ̀, tí o sì ń rẹ́rìn-ín sí ọlọ́pàá.

Ìgbà tí a dé oko ni mo tó rí i lọ́wọ́ rẹ. A jà, o rántí. O kọ̀, o ní ọkùnrin ilé ni ọ́. Láti ìgbà náà lo sì ti ń rí ọ̀tá. Òkété tó sáré kọjá lo ní ẹsẹ̀ èèyàn ni. Ewúrẹ́ tó húkọ́ nínú oko Mukhtar, o ní wọ́n ń fi ohùn pe ara wọn ni. Ìwàlẹwà fi ọ́ rẹ́rìn-ín, o bá a wí. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀pá gígùn tí a fi ń já kòkó kán mọ́ mi lọ́wọ́. Kàdíjátù, ìyàwó Mukhtar, wá kí mi, mo sì ní kó sọ fún ọkọ rẹ̀ kó bá wa gbé tiwọn wá láàárọ̀. O jókòó níbẹ̀. Iṣu sísun wà lẹ́nu rẹ. O gbọ́.

Àárọ̀ Àìkú, ilẹ̀ ti mọ́. Ìrì pọ̀ lórí ewé, kùrukùru sì wà láàárín àwọn igi, ṣùgbọ́n mo rí iná tí mò ń dá, mo rí Ìwàlẹwà tó ń fọ eyín. Mo gbọ́ ohùn Mukhtar lọ́nà: "Ẹ kú ìdájí o, Màmá! Ṣé ẹ jí dáadáa?" Bí mo ṣe lanu láti dá a lóhùn ni nǹkan bú gbàù. Mo rò pé igi ló wó. Mo yíjú, mo rí ọ lẹ́nu àgọ́ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, èéfín ń rú lọ́wọ́ rẹ, o ń pariwo pé, "Ó gbé ìbọn! Mo rí i, ó gbé ìbọn!" Ọ̀pá ló gbé, Akínkúnmi. Ọ̀pá tí mo ní kó gbé wá ló gbé lé èjìká.

Nígbà tí a débẹ̀, ó ti ṣubú sínú ewé kòkó. Èjìká òsì rẹ̀ àti apá rẹ̀ ti ya. Ohun tó ń sọ ni, "Bọ̀dá, èmi ni. Èmi Mukhtar ni." Ó ń tún un sọ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi pé o kò dá òun mọ̀. Ìwàlẹwà ló gba ìborùn mi, tó fi di apá náà kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Ìwọ dúró, ò ń wo ọwọ́ ara rẹ. Jẹ́ kí n sọ èyí tí o kò mọ̀ fún ọ: ọmọ náà sọ fún mi pé òun gbọ́ bí ọta yẹn ṣe fẹ́ yẹ́ẹ́ kọjá létí òun. Ṣé o ti bi í léèrè rí? Ọmọ tí o tìtorí rẹ̀ ra ìbọn, ṣé o ti bi í bóyá ìbọn náà bà á?

Ní ọsibítù ní Iléṣà, níbi tí o fi mọ́tò rẹ gbé gbogbo wa dé, nọ́ọ̀sì ní kí ló ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, o ní, "Àwọn ajínigbé ni. Wọ́n yìnbọn fún un, mo sì lé wọn lọ." Kàdíjátù yíjú wò mí. Mo dákẹ́. N kò ní fi tèmi pamọ́: mo dákẹ́. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ dàgbà, mo sì rò pé ẹ̀rù ló jẹ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀, pé kó tó di ìrọ̀lẹ́ wàá tún un sọ. O gbé ìbọn náà pamọ́ sínú àpò kòkó lẹ́yìn ilé mi, o ní ò ń sáré dé Òṣogbo lọ mú aṣọ wá. Ọjọ́ kẹtàlá rèé, a kò rí aṣọ, a kò rí ọ. Mo ti bẹ Kàdíjátù nítorí ìdákẹ́ mi yẹn. Kò bú mi. Kò bú ìwọ náà. Ká ní ó bú wa ni, bóyá ara ì bá tù mí.

Irọ́ rẹ kò sì jókòó sójú kan. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọ̀nà mú ọkùnrin méjì tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá Itagunmodi, ẹrẹ̀ ibi iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ni ajínigbé tí ọmọ Adéjọbí lé. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n ká eyín ọ̀kan, wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Láńrewájú ni orúkọ èyí tí wọ́n ká eyín rẹ̀. Lọ́jọ́rú, Àpìkẹ́ ìyá rẹ̀ béèrè ilé mi títí ó fi débí. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, obìnrin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ mi kọ́ lẹ rí nínú igbó." Kí ni kí n wí fún un? Kí n ní kó ṣe sùúrù títí àbúrò mi yóò fi dúpẹ́ tán?

Nítorí náà, Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti Ìwàlẹwà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin, mo fọwọ́ sí i. Ọmọ rẹ náà kọ tirẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé mi wálé, mo fi ibi tí o gbé ìbọn náà sí hàn wọ́n, wọ́n gbé e lọ. Láńrewájú àti ẹnìkejì rẹ̀ ti wà nílé. Wọ́n fẹ́ wá mú ọ ní ọ́fíìsì lójú gbogbo èèyàn. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ, kí o lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ọ̀gá wọn ní di ọjọ́ Jímọ̀, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Dókítà ti yọ ọta tó wà lára Mukhtar. Apá náà kò ní di gígé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò tíì gbéra, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Kòkó rẹ̀ ń jẹrà lórí igi. Àwọn ará mọ́sáláṣí wọn ń lọ bá a já díẹ̀díẹ̀, Ìwàlẹwà náà sì ń bá wọn lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á sọ fún ọ pé ayé ti yí padà, pé ẹni tó bá ń wọ igbó lónìí láìgbé ìbọn, kò gbọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wá bá mi sọ ọ́. Ọdẹ tí mo mọ̀ ní Ìwàrà kọ́ ìbọn láti kékeré, ó ní ìwé, abúlé mọ̀ ọ́n, kì í sì í gbé e sókè láìjẹ́ pé ó ti mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìwọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré lo mọ tìrẹ. Gbogbo àwọn tó fẹ́ràn wa nínú igbó yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sún mọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun náà ni o sì yìnbọn fún.

Fagi lé ìdúpẹ́ náà. Wá sí Iléṣà kó tó di Jímọ̀. Mo ti bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀, ọmọ ìjọ wa, yóò dúró tì ọ́. Èmi náà yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, n kò ní tijú rẹ, bí o bá sọ òtítọ́. Bí o kò bá wá, n kò mọ bí n ó ṣe tún pè ọ́ ní ọmọ Bàbá mi.

Kí Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí Mukhtar sí dá tìrẹ náà sí. Kó fún ọ ní ọkàn tí yóò lè sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é." Kó jẹ́ kí ìwọ àti ọmọ rẹ tún jẹun nínú àwo kan. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ kan ṣoṣo tó kù láyé,

Phebe Adéjọbí.

Mo tún fi èyí kún un: Mo ti di lẹ́tà yìí kí n tó lọ sí ọsibítù nírọ̀lẹ́, mo sì tún tú u. Mukhtar bi mí léèrè pé, "Màmá, ṣé Bọ̀dá dé Òṣogbo láyọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mo rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí sítíárì." Mo ní o dé láyọ̀. Ó ní, "Alihamudulilahi," ó sì yíjú sí ògiri.