Ẹsẹ̀ Tó Sọnù Nínú Orin

Maëlie ọmọ mi,

Gbogbo ilé níbí ní Québec kí ọ ní Paris lọ́hùn-ún, títí kan àwọn apẹja èbúté. Yìnyín bo ọ̀nà, ṣùgbọ́n igi ìdáná wa pọ̀. Orúnkún mi náà ti ń sàn. Ẹsẹ̀ bàbá àgbà ni kò tíì mira látìgbà tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀.

A gbọ́ orin tuntun tí o kọ, lórí rédíò. Ohùn rẹ dùn bí oyin, àfi bí bàbá àgbà ṣe figbe ta: “Ta ló gé ẹsẹ̀ ọmọ yìí? Ṣé báyìí ni mo ṣe kọ́ ọ? Ta ló ń jókòó kọrin ní Québec tí kì í fi bàtà lulẹ̀ bí ìlù?”

Bí wọ́n ṣe ń bínú lọ́wọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù orin náà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ̀fun rẹ. Jọ̀ọ́, gbé bàtà rẹ wálé. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ò lè dá orin gbé.

Ìyá rẹ,
Rosilda