Ẹni Tó Ti Kọ Ọ́ Ṣáájú Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti ń san.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu yà mí! Mo fi àròkọ ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ ìtàn, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi àgbà léèrè dípò àkọ́sórí. Wọ́n fèsì pé: "Ẹnì kan ti kọ irú ẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn." Mo ka tẹni náà: olóògbé bàbá wa ni! Wọn ò sọ fún wa rí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbéèrè tí àkọ́bí àwọn bi àwọn nídìí ìtàn kan ló la àwọn lójú: "Bàbá, ó ṣojú ta ni?"

Ẹ̀yin ni àkọ́bí náà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rántí sí mi. Ká fojú kanra láyọ̀ o.

Àbúrò yín.