Máàkì Mẹ́rin Tí Mo Fún Ìyá Wàsíù

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú àìríra ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òkòkòmáìkò níbí. Mo kí Bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ilé wa ní Ìlarò. Mo mọ̀ pé Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ló ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ́sẹ̀, rọra kà á, má fo ibì kankan, kódà bó bá kan ìwọ fúnra rẹ.

Màmá, òjò ò jẹ́ ká gbádùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lomi wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ìbà lóṣù yìí, ó ba báàgì ọmọ ilé ìwé tí mo tò sílẹ̀ jẹ́. Ọjà ò yá. Àwọn òbí á fọwọ́ pa báàgì, wọ́n á béèrè iye, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Wọn kì í padà. Bí mo bá délé, tẹlifíṣọ̀n àwọn ará yàrá kejì ni mo máa ń gbọ́, kò sẹ́ni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lóṣù tó kọjá pé tí Bọ́sẹ̀ bá ti ṣe ìdánwò JSS 3 tán, kí ẹ gbé e wá, kó máa bá mi dúró ti ọjà. Mo ti ṣírò owó ilé ìwé tó máa kù sí mi lọ́wọ́ mọ́ owó ọmọ ọjà tí mi ò ní san. Ìṣirò náà pé.

Ẹ rántí pé mò ń lọ kíláàsì àwọn àgbà ní Ajangbadi lọ́sàn-án Sátidé, torí púráímárì tí mo kà ti ń parẹ́ lórí mi. Tíṣà wa, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń pè wá ní ẹ̀yin màmá mi, ní kí kálukú kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, èyí tó máa yí ẹni tó bá kà á lọ́kàn padà. Ó fi nọ́ḿbà sí i dípò orúkọ, ó pín in ká, ó ní ká fún ara wa ní máàkì lórí mẹ́wàá. Ẹni tó bá gba méje sókè á bọ́ sí kíláàsì àwọn tó máa ṣe ìdánwò lọ́dún yìí.

Nọ́ḿbà kọkànlá ló kàn mí. Kí n tó ka ìlà mẹ́ta, mo ti mọ̀ pé Ìyá Wàsíù ni, torí ó dárúkọ korobá. Korobá ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, a sì jọ máa ń jókòó ní kíláàsì. Ó kọ ọ́ pé kí òbí má yọ ọmọbìnrin nílé ìwé torí ọjà. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá lòun nígbà tí wọ́n mú òun wá ran àǹtí òun lọ́wọ́ ní Èkó, wọ́n ní ọdún kan péré ni, àmọ́ òun ò padà síléèwé mọ́. Ó ní láràárọ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń kọjá, òun á kọjú sí ògiri, òun á máa ṣe bí ẹni tó ń to korobá. Ó ní títí dòní, bí òun bá rí yúnífọ́ọ̀mù, ọrùn òun ṣì máa ń fẹ́ yí.

Inú bí mi, Màmá. Ó dà bí ẹni pé ó yọjú wo ìṣirò mi. Mo ní kò sọ iye tí ilé ìwé ń gbà, kò sọ ẹni tó máa san án. Mo fún un ní mẹ́rin. Ẹ mọ bí mo ṣe ń nájà: mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹni tó lọjà fà á sókè. Mo rò pé tíṣà máa ní kó wá sọ tẹnu ẹ̀, mo ti múra láti gbà sí mẹ́jọ. Tíṣà kàn kọ mẹ́rin sílẹ̀ ni, ó pe nọ́ḿbà tó kàn.

Nígbà tí a ń jáde, Ìyá Wàsíù rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó fún òun ní mẹ́rin yẹn, ilé olówó ni wọ́n bí i sí. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Mo lọ bá a níbi korobá rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó ní tí mi ò bá ra korobá, kí n yẹ̀ fún oníbàárà. Mo lọ bẹ tíṣà, ó ní orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò ti lọ. Àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo.

Àròkọ tó yí mi lọ́kàn padà, mẹ́wàá ló yẹ kí n fún un. Mo ti ní kí tíṣà lẹ ẹ̀dà lẹ́tà yìí mọ́ ògiri kíláàsì, kí gbogbo wọn kà á.

Màmá, ẹ má gbé Bọ́sẹ̀ wá mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti di ẹrù rẹ̀, inú òun náà sì ń dùn pé òun ń bọ̀ wá sí Èkó. Bí òjò bá tún dé, èmi nìkan ni màá máa gbé báàgì sókè, mi ò sì mọ bó ṣe máa rí. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ẹrù náà, kó padà síléèwé.

Kí Ọlọ́run fún yín lẹ́mìí gígùn, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín fi yín sílẹ̀. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, ẹ kí gbogbo ará ilé. Bọ́sẹ̀, bí o bá ti fo ibi tí mo ti ní kí wọ́n tú ẹrù rẹ, padà síbẹ̀, kí o kà á sókè.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùkẹ́