Àmín Tí Mi Ò Lè Ṣe

Màmá mi, ẹ kú àárò mi. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, wọ́n ti fi mí ṣe olórí ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ wa tó ń ta ohun ìwòsàn.

Ìjọba ibí fòfin de títa ọjà fún orílẹ̀-èdè kan. Òfin náà ò kan ohun ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ń ba ọ̀gá wa, ó ní ká má ta ohunkóhun síbẹ̀ mọ́.

Lánàá, dókítà àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà wa pè láti ibẹ̀. Ó ń wá ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín. Páálí rẹ̀ wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo ní, "Ó ti tán, mà."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ẹ sí."

Ojú tì mí, mi ò lè ṣe àmín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí aládùúgbò bá ń yìn mí, ẹ yáa yí ọ̀rọ̀ padà.